Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Kan Ilẹ̀: Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Àwọn Òbí Ọmọ Ọwọ́ ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin àgbà ìlú, ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà, ẹ̀yin ìyá tí ẹ gbé ọmọ yín wá, ẹ̀yin bàbá tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti wá jókòó tì wá, mo kí gbogbo yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ kú ewu ọmọ. Ọlọ́run yóò bá yín wò wọ́n. Ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ wà níwájú níbí, ìkúnlẹ̀ ni mo fi kí yín, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kan iṣẹ́ ọwọ́ yín.

Iṣẹ́ físíótẹ́rápì ni mo ń ṣe. Ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò dúró, ọmọ tí kò jókòó nígbà tí ó yẹ, ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kan ń ṣiṣẹ́ tí èkejì kò gbé nǹkan kan, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n máa ń gbé wọn wá. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè ran ọmọ ọwọ́ lọ́wọ́ láti mọ ara rẹ̀ lò kí ó tó pé ọdún kan. Ohun kan ni mo wá bẹ̀ yín fún: ẹ jẹ́ kí ọmọ kan ilẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹní, ẹ tẹ́ ọmọ sórí rẹ̀, ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ máa tiraka. Gbogbo ohun yòókù tí mo bá sọ, ẹ̀ka ọ̀rọ̀ yìí ni.

Orí ni ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀

Tí a bá wọn ìkókó láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, orí rẹ̀ nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn rẹ̀. Ẹ wo bí ẹrù yẹn ti pọ̀ tó fún ọrùn tí kò tíì lágbára! Àwọn baba wa ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́ kí wọ́n tó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọrùn ni ọmọ kọ́kọ́ ń kápá, lẹ́yìn rẹ̀ èjìká àti apá, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn àti ìbàdí, ẹsẹ̀ ló sì ń kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni apá ń gbọ́n kí ọmọ ìka tó gbọ́n. Ọmọ oṣù 4 á fi gbogbo apá gbá nǹkan, ọmọ oṣù 6 á fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ kì í mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó di nǹkan bí oṣù 9 sí 10 kí ó tó lè fi àtàǹpàkò àti ìka tí ó tẹ̀lé e ṣa èérún búrẹ́dì nílẹ̀.

Ṣé ọjọ́ kan náà ni gbogbo ọmọ máa ń ṣe é? Rárá o. Ní ọdún 2006, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ohun tí wọ́n rí jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣọ́ àwọn ọmọ tí ara wọn le ní orílẹ̀-èdè márùn-ún: Gánà, Íńdíà, Norway, Oman àti Amẹ́ríkà. Láàárín àwọn ọmọ wọ̀nyí, àwọn kan dá jókòó kí wọ́n tó pé oṣù 4, àwọn mìíràn kọjá oṣù 9 kí wọ́n tó ṣe é. Àwọn kan dá rìn ní kété tí wọ́n kọjá oṣù 8, àwọn mìíràn sún mọ́ oṣù 18. Nǹkan bí ọmọ 4 nínú 100 ni kò fi ọwọ́ àti orúnkún rá kòrò rárá, wọ́n sì rìn. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá tí ẹ jọ bímọ lóṣù kan náà, tí ẹ jọ ń gbé àdúgbò kan, ẹ dákun, ẹ má fi àwọn ọmọ wọ̀nyí díje. Ohun tí a ń wò ni bóyá ọmọ ń tẹ̀ síwájú láti oṣù dé oṣù.

Ẹní nínú ọjà

Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà ní ọjà ẹja Olúwo mọ bí ọjọ́ ọjà ṣe ń rí. Ìyá ọlọ́mọ ti dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ilẹ̀ tutù, omi ẹja ń ṣàn, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́, oníbàárà ń pè. Níbo ni kí ó gbé ọmọ sí? Ẹ̀yìn ni. Bí ẹ̀yìn bá ń ro ó, á gbé e sínú páálí tí ó tẹ́ aṣọ sí lábẹ́ tábìlì. Nígbà tí yóò fi délé lálẹ́, ó ti rẹ̀ ẹ́, ọmọ náà sì ti sùn.

Ìyá kan tí ọjọ́ rẹ̀ ń rí báyìí gbé ọmọ oṣù 6 wá bá wa, ọmọ tí ó sanra dáadáa, tí ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn. Ohun tí ó ń kọ ọ́ lóminú ni pé àwọn ọmọ ẹlòmíràn ti ń yí gbirigbiri lórí ẹní, tirẹ̀ kò sì gbìyànjú rẹ̀ rí. A yẹ ọmọ náà wò fínnífínní, a kò rí ohunkóhun tí ó ṣe ọpọlọ rẹ̀ tàbí eegun rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí ẹní, ńṣe ni ó gbé imú lé ẹní tí ó figbe ta, ìyá rẹ̀ sì sáré gbé e. Ó ní òun kò tẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí òun ti bí i.

Kí ni ọmọ yẹn ṣaláìní? Ó ń jẹun, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, ara rẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ ni kò ní. Iṣan ọrùn, ti èjìká àti ti ẹ̀yìn kì í le bí kò bá sí ohun tí wọ́n ń tì. Ẹni tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé kọjá ọ̀sà lójoojúmọ́ kò lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ ọkọ̀ wà. Ọjọ́ tí ó bá di àjẹ̀ mú ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. A kò sọ fún ìyá náà pé kí ó fi ọjà sílẹ̀, nítorí pé inú ọjà ni owó oúnjẹ ọmọ náà ti ń wá. Ohun tí a ní kí ó ṣe ni kí ó bẹ ẹni tí wọ́n jọ ń tajà kí ó bá a wo ìsọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó tẹ́ ẹní síbi gbígbẹ, kí ó sì dojú ọmọ bolẹ̀ lórí rẹ̀ ní ìgbà mélòó kan lójúmọ́, nígbà tí ọmọ bá lajú sílẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, ọmọ náà ti ń fi ọwọ́ méjèèjì ti àyà rẹ̀ sókè. Obìnrin tí ó ń bá a wo ìsọ̀ ni ó tilẹ̀ kọ́kọ́ rí i nígbà tí ó yí ara padà, òun ni ó sì pariwo tí gbogbo ìlà náà fi gbọ́. Ojú méjì ní í bí ọmọ, igba ojú ní í tọ́ ọ.

Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde lórí eré ara àti oorun àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Wọ́n ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1, tí kò sì tíì lè rìn kiri, gbọ́dọ̀ lo ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́, ó kéré tán, ní ìdojúbolẹ̀, kí a pín in sí díẹ̀díẹ̀ káàkiri ọjọ́. Wọ́n ní kí a má ṣe fi fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n dá a lára yá rárá. Wọ́n sì ní kí a má ṣe so ó mọ́ ojú kan ju wákàtí 1 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìbáà jẹ́ lórí àga, ìbáà jẹ́ nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Mo rí i pé àwọn kan fajú ro nígbà tí mo dárúkọ ẹ̀yìn ìyá. N kò bá ọ̀já jà o. Bí a ṣe ń pọn ọmọ, tí itan rẹ̀ là, tí orúnkún rẹ̀ ká mọ́ ìbàdí ìyá rẹ̀, ń jẹ́ kí orí eegun itan jókòó dáadáa sínú ihò rẹ̀. Ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń na ẹsẹ̀ ọmọ gbọọrọ tí wọ́n sì ń dì í pọ̀ gírígírí, ibẹ̀ ni eegun ìbàdí ọmọ ti sábà máa ń yẹ̀. Ẹ máa pọn wọ́n. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ máa tú ọ̀já lóòrèkóòrè.

Báwo ni a ṣe ń ṣe é? Ìkókó ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kò nílò ẹní pàápàá. Ẹ fẹ̀yìn tì, ẹ gbé e lé àyà yín kí ó dojú kọ yín, yóò gbìyànjú láti gbórí kí ó lè rí ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú 1 tàbí 2 tó nígbà yẹn, kí ó má jẹ́ ìgbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ọmú yó. Bí ó bá tó oṣù 3, ẹ ká aṣọ ìnura sí abẹ́ àyà rẹ̀, kí ẹ̀yin náà sì dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀. Bí ó bá di oṣù 5 tàbí 6, ẹ gbé ṣíbí tàbí abọ́ ike sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó dáadáa, kí ó lè yí ara láti lépa rẹ̀. Bí ó bá kùn díẹ̀, ẹ má yára gbé e; ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ kọrin fún un. Bí ó bá di ẹkún gidi, ẹ gbé e, kí ẹ tún padà sí i nígbà mìíràn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sí èyí dáadáa. Ìgbà tí ọmọ bá lajú, tí àgbàlagbà sì ń wò ó, ni a ń dojú rẹ̀ bolẹ̀. Bí ó bá fẹ́ sùn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ fi lélẹ̀, ní ọ̀sán àti ní òru. Ọmọ ọwọ́ tí ó sùn ní ìdojúbolẹ̀ wà nínú ewu ikú òjijì lójú oorun. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti bẹ̀rẹ̀ sí kìlọ̀ fún òbí nípa èyí ni irú ikú bẹ́ẹ̀ ti dín kù gidigidi lọ́dọ̀ wọn.

Ìwẹ̀ ọmọ

Ẹ̀yin ìyá àgbà, mo dé ọ̀dọ̀ yín wàyí. Mo ti jókòó ti ọ̀pọ̀ nínú yín níbi tí ẹ ti ń wẹ ọmọ. Ẹ jókòó lórí àpótí, ẹ na ẹsẹ̀, ẹ tẹ́ ọmọ lé ojúgun, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, òrí wà nínú abọ́. Ẹ ń fi òrí ra apá láti èjìká dé ọmọ ìka, ẹ ń ká ọwọ́ méjèèjì lé àyà, ẹ ń tẹ orúnkún mọ́ ikùn, ẹ tún ń nà án padà, ẹ sì ń ki ọmọ ní oríkì rẹ̀ bí ẹ ti ń ṣe é. Ẹ̀yin kò pè é ní ìtọ́jú iṣan, ṣùgbọ́n ìtọ́jú iṣan gan-an ni.

Ní ọdún 1976, onímọ̀ kan ará Amẹ́ríkà, Charles Super, tẹ iṣẹ́ tí ó ṣe láàárín àwọn Kipsigis ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà jáde. Ó rí i pé àwọn ọmọ wọn ń jókòó, wọ́n sì ń rìn, ṣáájú àwọn ọmọ Amẹ́ríkà pẹ̀lú nǹkan bí oṣù kan. Àwọn mìíràn ti máa ń rò ṣáájú ìgbà náà pé bí a ṣe dá ọmọ adúláwọ̀ nìyẹn. Super wo ilé wọn, ó sì rí i pé àwọn òbí ń mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ọmọ: wọn a gbẹ́ ihò kékeré sílẹ̀, wọn a gbé ọmọ jókòó sínú rẹ̀ kí ẹ̀gbẹ́ ihò lè gbà á dúró. Ṣùgbọ́n ìrákòrò, tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ, kò yá lọ́dọ̀ wọn. Ohun tí a bá fi ọwọ́ wa kọ́ ọmọ léraléra ni ara rẹ̀ ń gbà. Nítorí náà, inú mi kì í dùn nígbà tí mo bá rí ọ̀dọ́ ìyá tí ó ti pa ìwẹ̀ yìí tì pátápátá, tí ó kàn ń fi aṣọ tútù nu ọmọ bí ẹni ń nu tábìlì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jókòó ti àwọn ìyá yín, kí ẹ kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan mẹ́ta kan wà nínú ìwẹ̀ náà tí mo ń fi ìkúnlẹ̀ bẹ̀ yín pé kí a fi sílẹ̀. Jíjù tí a ń ju ọmọ sókè tí a sì ń hán an jẹ́ ọ̀kan. Fífi apá kan ṣoṣo gbé e sókè jẹ́ èkejì. Dídì í mú lẹ́sẹ̀ méjèèjì kí orí rẹ̀ dorí kodò jẹ́ ẹ̀kẹta. Mo ti sọ bí orí ọmọ ti wúwo tó àti bí ọrùn rẹ̀ ti rọ̀ tó. Bí orí yẹn bá mì jìgìjìgì, ọpọlọ á máa gbá ara rẹ̀ mọ́ agbárí, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-tìn-tín tí ó wà láàárín wọn sì lè já. Ní ti apá, eegun ìgúnpá ọmọdé lè yọ kúrò nínú ohun tí ó dì í mú bí a bá fi ọwọ́ kan fà á. Ọmọ náà á kàn máa sunkún, kò sì ní fẹ́ lo apá yẹn mọ́.

Ìyá àgbà kan sọ fún mi pé a ń ju ọmọ kí ẹ̀rù má baà máa bà á bí ó bá dàgbà, pé wọ́n ju ìyá mi náà. Mo mọ̀ pé inú rere ni ó ti wá. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ọwọ́ méjèèjì sí abẹ́ abíyá ọmọ, kí ó rọra gbé e sókè, kí ó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ó má jẹ́ kí ó kúrò lọ́wọ́ òun. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín bákan náà. Ọmọ tí ó sì ti yí láti orí ẹní kan dé òmíràn, tí ó ti bá àga jà títí ó fi dìde, ìgboyà ti wọ ara rẹ̀.

Ìjókòó, ìdúró àti ìrìn

Ọ̀pọ̀ ìyá ló ti gbé ìkókó dúró tí wọ́n sì rí i tí ó ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni ń rìn. Bí ó bá di nǹkan bí oṣù 2, kò ní ṣe é mọ́, ọkàn ìyá á sì pòrúúrù. Ẹ fọkàn balẹ̀. Onímọ̀ kan, Esther Thelen, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wá ìdí rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1984. Wọ́n gbé àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn ti dákẹ́ sínú omi títí dé àyà, ẹsẹ̀ náà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí rìn! Ẹ̀yin ọmọ ọ̀sà, ó yẹ kí èyí tètè yé yín, nítorí pé ẹ mọ bí omi ṣe ń gbé ìwúwo. Láàárín oṣù díẹ̀ tí a bí ọmọ, ọ̀rá ń tètè kún ẹsẹ̀ rẹ̀ ju bí iṣan ti ń le lọ, ẹsẹ̀ náà sì wúwo ju agbára rẹ̀ lọ. Kò sí ohun tí ó sọnù. Iṣan ni yóò tún le, eré orí ilẹ̀ ló sì ń mú un le.

Ní ti ìjókòó, mo mọ̀ pé a máa ń gbé ọmọ sínú bàsíà tí a fi aṣọ yí i ká. Bí ọrùn ọmọ kò bá tíì dúró gbọn-in, ẹ má ṣe é rárá. Bí ọrùn bá ti dúró, ìṣẹ́jú díẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n bàsíà ló ń jókòó fún ọmọ nígbà yẹn. Ó sàn kí ẹ la ẹsẹ̀ lórí ẹní, kí ẹ gbé e sáàárín, kí ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀ níwájú, kí ó máa yẹ̀, kí ó máa tún ara rẹ̀ ṣe.

Wọ́kà onítáyà, èyí tí a ń gbé ọmọ sí kí ó máa fi yí kiri, ni èyí tí n kò fẹ́ rí nílé ẹnikẹ́ni. Orílẹ̀-èdè Kánádà ti fòfin de títà rẹ̀ láti ọdún 2004 nítorí iye ọmọ tí ó ń gbé ṣubú láti orí àtẹ̀gùn. Ní tiwa, ẹ ro ti gọ́tà tí kò ní ìdérí, ẹ ro ti sítóòfù tí òróró ń hó lórí rẹ̀. Kì í sì í mú ìrìn yá. Ọmọ á máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, kò ní rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kò sì ní kọ́ bí a ṣe ń dúró láìṣubú. Ẹ jẹ́ kí ó di àga tí kì í yẹ̀ mú, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà láìwọ bàtà nínú ilé kí àtẹ́lẹsẹ̀ lè mọ ilẹ̀. Bí ó bá ń ṣubú, ẹ má bínú. Onímọ̀ kan, Karen Adolph, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ka ìṣísẹ̀ àwọn ọmọ oṣù 12 sí 19 ní ọdún 2012: ìṣísẹ̀ tí ó lé ní 2,300 ni ọmọ ń gbé ní wákàtí kan, ó sì ń ṣubú ní nǹkan bí ìgbà 17.

Àwọn àmì tí a kò gbọ́dọ̀ fojú fò

Tọkọtaya kan gbé ọmọ oṣù 8 wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ le gbagidi, ó ń kọjá ara wọn bí a bá gbé e dúró, ọrùn rẹ̀ kò dúró. Nígbà tí a bi wọ́n léèrè, wọ́n ní láti ọjọ́ kẹta tí a bí i ni ojú àti ara rẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú, tí kò sì fẹ́ mu ọmú. Àwọn ará ilé ní kí wọ́n máa gbé e sí oòrùn àárọ̀. Ọjọ́ ń lọ. Ohun tí ó ń pọ́n lára ọmọ náà, bí ó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, á wọ inú ọpọlọ, á sì ba apá ibi tí ó ń darí ara jẹ́, a kì í sì í rí i tún ṣe padà. Oòrùn kò tó. Ilé ìwòsàn ní iná àkànṣe tí a fi ń tọ́jú rẹ̀, bí a bá tètè débẹ̀. Ẹ má sì fi káńfọ̀ sínú aṣọ ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò ní tó nínú ohun tí wọ́n ń pè ní G6PD, èyí tí ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa. Òórùn káńfọ̀ lè ba ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ lójijì, ara rẹ̀ á sì pọ́n kọjá ààlà.

Ẹ tètè gbé ọmọ wá bí ara rẹ̀ bá le jù tàbí tí ó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, bí ó bá ń di ẹ̀ṣẹ́ pinpin lẹ́yìn oṣù 3, bí ọrùn kò bá dúró lẹ́yìn oṣù 4, bí ó bá ń lo ọwọ́ kan ṣoṣo kí ó tó pé ọdún kan, tàbí bí ó bá gbàgbé ohun tí ó ti mọ̀ ṣe tẹ́lẹ̀. Fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, ọjọ́ tí ó yẹ kí a bí i ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí kà.

Ẹ kò nílò láti wá ọjọ́ àkànṣe fún èyí, nítorí pé ẹ ó ṣáà gbé wọn lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní ọ̀sẹ̀ 6, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì bóyá ọmọ ń gbórí díẹ̀ bí a bá dojú rẹ̀ bolẹ̀, àti bóyá apá àti ẹsẹ̀ méjèèjì ń jà bákan náà. Ní ọ̀sẹ̀ 14, ẹ sọ bóyá ó ń la àtẹ́lẹwọ́. Ní oṣù 9, ẹ sọ bóyá ó ń dá jókòó. Ní oṣù 15, bí kò bá tíì dìde dúró, ẹ sọ ọ́. Bí ó bá sì pé oṣù 18 tí kò rìn, dókítà ni kí ó wò ó. Bí ẹni tí ẹ kọ́kọ́ bá bá ní kí ẹ máa lọ, pé yóò ṣe é tó bá yá, tí ọkàn yín kò sì balẹ̀, ẹ béèrè pé kí ẹlòmíràn tún un wò.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀. A ti tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti jí, ẹ gbé wọn wá kí a jọ gbìyànjú rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ sì ní ìbéèrè, ẹ nawọ́.